Yọ Ọ̀kan, Fi Ọ̀kan Sílẹ̀

Olùkọ́ físíìsì ni mí n'Ígbó-Ọrà nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1990, mo sì ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí mo fi ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bàá ọ̀nà. Mi ò gba èèwọ̀ kankan gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún mi pé báyìí ni wọ́n ń ṣe sí ìbejì, báyìí ni wọn kì í ṣe sí wọn, màá ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Èmi náà sì bí ìbejì, ọkùnrin méjì. Ta ni kì í bí wọn nílùú wa?

Kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Bí ìwé bá ti gùn díẹ̀, á dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ ló kéré, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń ta irú ẹ̀ n'Ìbàdàn gba tàtijọ́ lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní méjì tó tóbi jù ú lọ, tí wọ́n jọra. Ó ní, "Tíṣà, kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ a máa ṣà wọ́n. Ó lè gba ọ̀kan, kó kọ èkejì. Bí ẹ bá tàn án tó ń ké, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Bó bá jí, ẹ ti mọ èyí tí kò bá a mu nìyẹn."

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ fi wọ́n sí i ni ibà gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, gìrì sì mú un. A gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní ìyá rẹ̀ nìkan ló lè dúró tì í. Mi ò lè jókòó sílé. Mo wá sí ṣọ́ọ̀bù, torí ìbéèrè ìdánwò ilé-ìwé wa wà nílẹ̀ tí mi ò tíì tẹ̀. Màámi pọn ọmọ kejì tẹ̀lé mi.

Mo ki méjèèjì bọ inú ẹ̀rọ, mo tàn án. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ń ké píìpù, píìpù, kò dákẹ́. Mo pa á. Mo fi rọ́bà ìparẹ́ nu ẹnu méjèèjì, mo tún kì wọ́n bọ̀ ọ́ dáadáa. Igbe náà ni. Ó wá ku ohun tí ọkùnrin yẹn wí. Mo nawọ́ sí ọ̀kan, mo yọ ọ́.

"Bàbá Ìbejì, èwo lo yọ nínú méjèèjì yẹn?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni màámi béèrè. Wọn ò ní nǹkan kan lọ́kàn, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n àyà mi já. Kíá ni mo dá a padà.

Mo jókòó, mo ń bá ara mi jà. Ìwọ tí o ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì, kí ló kan irin kan ọmọ? Síbẹ̀ mi ò fọwọ́ kàn án. Bí mo bá yọ ọ̀kan tí èkejì sì jí, ta ni mo yàn yẹn? Inú wá bí mi sí ara mi. Mo fa ọ̀kan yọ, mo tàn án.

Ó jí. Nọ́ńbà ń sáré lójú rẹ̀, igbe ti dákẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo tó o. Mi ò rí ohun tó dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mi ò pa á. Mo fò sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Láti ọ̀ọ́kán ni mo ti rí ìyàwó mi tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró sójú ọ̀nà.

"Bàbá Ìbejì, ó kúkú dáa tẹ́ ẹ dé," ló wí. "Ọmọ ní ẹ̀kọ lòun máa mu, mi ò rẹ́ni rán."

Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan. Mo lọ ra ẹ̀kọ.

Ẹyọ kan yẹn ni mo fi tẹ ìdánwò náà, iṣẹ́ sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, mo pààrọ̀ èyí tí ẹ̀rọ kọ̀, mo wá èyí tó bá a mu, mo sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Àwọn ọmọ náà ti dàgbà, wọn ò sí nílùú kan náà mọ́. Bí ọ̀kan bá pè mí lórí fóònù, kò ní parí ìkíni kí n tó béèrè èkejì. Wọn ò mọ ìdí ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ mí. Ẹni tó bá pè nínú wọn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bàbá, ẹnìkejì mi wà dáadáa."