Yìnyín Lórí Tábìlì Dókítà

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà ní Abidjan, èmi náà ṣì wà níbẹ̀, mo sì ṣì ń ṣọ́ra.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ tó ń tún ọ̀nà ṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní apá Zone 4. Ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́ kọnkéré ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Màtó ni gbogbo wa ń pè é. Bí o bá dì í mú láti àárọ̀, tí o gbé e kalẹ̀ lọ́sàn-án, ọwọ́ rẹ á ṣì máa gbọ̀n bí ẹni pé o kò tíì fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àárọ̀ òjò ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Bí mo bá dúró de ọkọ̀ gbàkà ní Abobo, ìka mi á funfun bí ẹfun, n kò ní mọ̀ bóyá owó ọkọ̀ ṣì wà láàárín wọn tàbí ó ti já bọ́. Lẹ́yìn náà wọn á pọ́n, wọn á máa ta mí bí ẹni tí iná jó. N kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi mọ́, ìyàwó mi ló ń bá mi dè é.

Yorùbá ni ọ̀gá tó ń darí wa lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ìjọ wa. Abidjan ni wọ́n bí i sí. Òun ló mú mi wọ ibi iṣẹ́ náà, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà tí mo sọ fún un pé kí ilé-iṣẹ́ jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ ló ba ọwọ́ mi jẹ́, kí n lè gba owó gbà-má-bínú, ó pariwo lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Ẹ wá wo ọwọ́ aláìsàn o! Ọwọ́ tó ń kó oúnjẹ atíékè sẹ́nu bí ṣọ́bìrì lánàá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, ọwọ́ mi sì rí bí ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ìyà tó ń jẹ mí nìyẹn: àìsàn tí òtútù ń gbé jáde, nílùú tó gbóná báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ? O fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé òpùrọ́ ni gbogbo àwa Yorùbá? Bí wọ́n bá ní kí o mú káàdì ìgbélùú rẹ wá ńkọ́?"

Káàdì mi ti kọjá àkókò. Ó mọ̀.

Lọ́sẹ̀ náà, alàgbà ìjọ wa kan wá sílé wa, ó ní kí n lọ tọrọ àforíjì, pé mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ àwọn ọmọ wa. Mo ní, "Ó dáa, sà." Ẹnu lásán ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ẹ̀rù náà lọ. N kò fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́, wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ tí dókítà máa yẹ̀ mí wò.

Ìyàwó mi ń ta ẹja inú yìnyín. Ìgbàkígbà tí mo bá bá a tú páálí ẹja ni ìka mi máa ń funfun jù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí dókítà rí ohun tí èmi ń rí."

Ọ̀gá wa tẹ̀lé mi lọ. Ó ní Faransé mi kò tó. Níwájú dókítà, ó sọ pé iṣẹ́ oko ló ba ọwọ́ mi jẹ́ nílé kí n tó wá sí Abidjan. Mo gbọ́ ọ.

"Nọ́n, dókítà," ni mo fi Faransé jákujàku mi sọ. "Kì í ṣe oko. Màtó ni."

Dókítà tẹ ìka mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní òun kò rí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi ti ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú bàsíà yìnyín, òórùn ẹja sì gba gbogbo yàrá.

"Màdáàmù, kí lèyí? Ibí kì í ṣe ọjà!" ni dókítà wí.

"Wọ́n ti gbé idán dé," ni ọ̀gá wa wí.

N kò dúró gba àṣẹ. Ìyàwó mi gbé bàsíà náà ka orí tábìlì, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo yọ wọ́n, àwọn ìka mi ti funfun bí ìka òkú. Dókítà mú abẹ́rẹ́, ó fi gún ọ̀kan. Ojú ni mo fi mọ̀ pé ó gún mi. Ó béèrè bí ó ti pẹ́ tó tí mo ti ń lo ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá wa la ẹnu.

"Òun ni mo bi," ni dókítà wí, ó sì fa bírò yọ.

Níta, ọ̀gá wa tutọ́ sílẹ̀. "O ti dójú tì mí. Ìwọ àti ẹlẹ́ja rẹ."

"Ẹja ni mo ń tà, sà," ni ìyàwó mi dáhùn. "N kì í ta irọ́."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú jáde, nígbà tí òjò ti dé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá wa la àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú alàgbà náà.

"Ẹ kú oríire o," ó ní. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo rí i tí iṣan apá rẹ̀ le, tó ń payín keke. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ń fún ìka mi pọ̀ nìyẹn, nítorí òtútù òjò ti pa wọ́n. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. N kò fa ọwọ́ mi. Mo ń wo ojú rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.