Ẹni Tí Mo Wádìí Kí Hájíà Tó Dá Orin Ọ̀nà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé Mùfú ti kú. Àkókò náà dá mi lójú, nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ẹní ìrun Alásárì nílẹ̀ ni fóònù mi dún. Pé ó ti kú ni kò dá mi lójú.

Àlàájì Músíbáù ló pè mí. Òun ni alága ẹgbẹ́ olólùfẹ́ Hájíà Sàlámọ̀tù, ó sì ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù ní Kalpohin, àdúgbò kan ní Tamale, ní ilẹ̀ Gánà. Ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ láti òdìkejì títì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bílí, bá mi sọ fún Hájíà kó fi Mùfú sínú orin ọ̀run lọ́jọ́ Àìkú."

"Baba, ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú gbogbo ayé?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ìwé tí ìwọ ọmọ yìí kà pọ̀ débi pé èèyàn ò lè kú kó o gbà."

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Olórin wákà ni Hájíà. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tó ń dá orin wà, àwọn elégbè wà, ẹnì kan sì wà tí à ń pè ní etí. Etí Hájíà ni mí. Mo máa ń gbè pẹ̀lú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbà mí síṣẹ́ nítorí ohùn mi. Kí a tó lọ kọrin níbikíbi, èmi ni mo máa ń ṣáájú lọ yí ká, kí n mọ ẹni tó bímọ, ẹni tó ti Mẹ́kà dé, ẹni tó kólé àti ẹni tó ṣaláìsí. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, n ó jókòó sẹ́yìn èjìká ọ̀tún Hájíà, n ó sì máa sọ ọ́ sí i létí nígbà tí elégbè bá ń gbè, kí ó lè ki oníkálukú bó ṣe wà. Bí a bá pe ẹni tó ti Mẹ́kà dé láìfi Àlàájì síwájú orúkọ rẹ̀, ó lè di Ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ kó tó kí wa.

Ìmọ̀ ìṣirò ni mo fi gboyè ní yunifásítì. Mo ti sin orílẹ̀-èdè tán, mò ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, nígbà tí Hájíà ní kí n wá ran òun lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà ló di iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Dungu, ó sọ ìtàn kan fún mi tí n kò lè jẹ́rìí sí, nítorí pé wọn kò tíì bí mi nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní etí tí òun ní nígbà náà sọ fún òun pé bàbá kan ní Sagnarigu ti kú. Òun gbé e sínú orin ọ̀run, òun bẹ Ọlọ́hun kó fún un ní àlùjánńà, àwọn obìnrin sì ti ń fi ìborùn nu ojú. Ni bàbá náà bá dìde lẹ́yìn pẹ̀lú abọ́ wàsáwàsá lọ́wọ́. Ó ní, "Hájíà, ẹ jẹ́ kí n jẹun tán ná!"

Láti ìgbà náà ni Hájíà ti fi òfin kan lélẹ̀: kí nǹkan tó wọ inú orin òun, ojú méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti rí i. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì, n kò rántí èyí tó wúlò fún mi tó òfin yẹn.

Apá mẹ́ta ni orin ìkíni rẹ̀ ní. Orin ilé wà fún àwọn alààyè tó wà níjòókòó, orin ọ̀run sì wà fún àwọn tó ti lọ. Láàárín méjèèjì ni orin ọ̀nà wà, fún ẹni tó rìnrìn àjò tí a kò gbúròó rẹ̀. Ní tèmi, orúkọ lásán ni orin ọ̀nà jẹ́, n kò gbọ́ ọ rí. Hájíà ní láti ìgbà tí fóònù ti wọ̀lú, kò sẹ́ni tó tún ń sọnù sọ́nà mọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ Mùfú fi wúwo ni pé láàárín àwa Yorùbá Tamale, ẹni tí Hájíà bá fi sínú orin ọ̀run, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Wọn ó ṣe fìdáù rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ó bọ́ sí opó. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé orin ló gbọ́dọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí nìyẹn. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni Mùfú, láàárín Tamale àti Bùkínà ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í pa orin Hájíà nínú ọkọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni fóònù rẹ̀ kò ti lọ mọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Hájíà lálẹ́ Jímọ̀ náà, ó gbé ife omi oyin tó ń mu sílẹ̀.

"Mùfú tèmi?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ta ni wọ́n?"

"N kò tíì mọ̀."

"Lọ mọ̀ ọ́n."

Ní Sátidé mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń pè ní yẹ́lò-yẹ́lò lọ sí Kalpohin. Àlàájì Músíbáù ka ẹlẹ́rìí mẹ́ta fún mi: ara rẹ̀, àfáà àdúgbò wọn tó ti ṣàdúà fún òkú náà, àti ọ̀gá àwọn dírẹ́bà ní páàkì. Mo lọ bá àfáà. Ó ní ẹnu Àlàájì ni òun ti gbọ́ ọ. Mo lọ sí páàkì. Ọ̀gá àwọn dírẹ́bà ní òun lòun sọ fún Àlàájì, àti pé ẹnu dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Ìsúfù ni òun náà ti gbọ́ ọ, Ìsúfù sì ń bọ̀ láti Yẹndi lọ́jọ́ kejì. Ẹnu mẹ́ta ti di ẹyọ kan.

Kí n tó relé, mo yà sọ́dọ̀ Rámátù, ìyàwó Mùfú. Ọmọ Dagbamba, àwọn onílẹ̀ Tamale, ni, ilé ọkọ ló ti kọ́ Yorùbá, aṣọ ló sì ń rán. Kò dáwọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ dúró nígbà tí mo wọlé.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa á lọ́la, àbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì mọ̀ ni. Ìyẹn ni mo ṣe wá."

"Náwúnì! Ọlọ́hun tí mò ń pè kò dáhùn, ẹ̀yin olórin lẹ wá ń bi mí." Ó gé òwú. "Bílí, gbọ́. N ò ní kí ẹ pa á. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ aṣọ aláràbarà, wọ́n á ní ojú mi ò gbélẹ̀. Bí mo bá wọ dúdú, ìyá rẹ̀ á ní mo fẹ́ kó kú. Ẹ sọ fún mi bóyá opó ni mí tàbí ìyàwó. Èyíkéyìí tí mo bá jẹ́, mo lè ṣe é."

Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù lásán ni Àlàájì ń ṣe. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo gbà pé àánú obìnrin náà ló ń ṣe é.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo rí Ìsúfù, ó sùn sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń túnṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ ní ẹ rí ọkọ̀ Mùfú?"

"Mo rí ọkọ̀ tó jóná, lẹ́yìn bọ́dà. Irú tirẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ rí nọ́mbà rẹ̀?"

"Iná ti jẹ nọ́mbà."

"Òkú ń kọ́?"

Ó fa ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ọkọ̀. "Sísítà, n ò sọ̀kalẹ̀. Ta ló ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀? Èmi kàn sọ fún ọ̀gá pé ọkọ̀ yẹn jọ ti Mùfú ni. Àwọn ló wá sìnkú ẹ̀."

Ìpàdé ọlọ́dọọdún àwọn olólùfẹ́ Hájíà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, lábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sagnarigu. Wọ́n wá láti Kumasi, láti Bolga, láti Yẹndi. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ inú wọn kò lè sọ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ìlà orin Hájíà tí wọn kò mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Bolga fi Hausa bi mí ní ìtumọ̀ ìlà kan, ó ní láti kékeré lòun ti ń kọ ọ́. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Haba! Mo ti ń kọ ọ́ fún ìyá ìyàwó mi." Orin ẹni tó kọ̀ láti san gbèsè ni.

Hájíà kọ orin ilé tán, kò sí ẹni tó bínú. Àlàájì Músíbáù wá tẹríba sí wa. Ó ní, "Hájíà, ti Mùfú o." Rámátù jókòó ní ìlà iwájú, ó wọ aṣọ búlúù, tí kì í ṣe dúdú tí kì í sì í ṣe aláràbarà. Hájíà fi orí sẹ́yìn sọ́dọ̀ mi.

"Etí, kí lo gbọ́?"

"Ẹnu mẹ́ta, ojú kan. Ojú náà rí ọkọ̀, kò rí èèyàn."

Hájíà gbé ọwọ́ sókè kí ìlù dúró, ó sì dá orin tí n kò gbọ́ rí:

*Ẹni ó lọ kò sọnù,*
*Ọ̀nà ló gbà á lálejò.*
*Ọ̀nà, a ò bá ọ jà,*
*Àlejò rẹ lọmọ wa, dá a padà.*

Ó dúró dè wá kí a gbè é. Àwa elégbè ń wojú ara wa, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ́ wa. Ìgbà náà ni ìyá arúgbó kan dáhùn láti abẹ́ igi, àwọn àgbà mìíràn sì tẹ̀ lé e: *Máa bọ̀, ilé ò jìnnà, máa bọ̀.* Àwọn ọmọ wọn gbà á lẹ́nu wọn, láìpẹ́ gbogbo ọgbà ló ń gbè é. N kò mọ bí ìyá náà ṣe ń jẹ́ títí di òní, mo sì ń fẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣà ni pé ará ilé ẹni tí a bá pè nínú orin gbọ́dọ̀ dìde wá síwájú. Bí kò bá dìde, kò gba orin náà nìyẹn. Hájíà pe Mùfú, Rámátù kò mira. Hájíà tún pè é. Àwọn èèyàn ń gbè é, wọ́n sì ń wo Rámátù. N kò ní sọ pé mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Mo kàn rí i pé ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó sì dìde. Ó tọ Hájíà wá tààrà, ó sì sọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ dáadáa:

"Bí ẹ bá máa pè é, ẹ pè é kó yé èèyàn. Mùfú pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ pe ọkọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni, wọ́n kọ Sùúrù Lérè síwájú rẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ òsì ti sán."

Hájíà kọ gbogbo rẹ̀ lórin, títí kan gíláàsì tó sán. Fóònù tó wà lókè tó ń gbà á sílẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ lọ.

Lẹ́yìn orin, Àlàájì Músíbáù bá mi níbi tí mo ti ń di gbohùngbohùn sínú àpótí. Ó ní, "Ẹ ti so ọmọbìnrin yẹn mọ́lẹ̀ ṣáá. Báwo ni yóò ti pẹ́ tó?" Bí Mùfú kò bá padà wá, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Àlàájì yóò jẹ́.

Àwọn olólùfẹ́ fi fídíò náà ránṣẹ́ síra wọn, àwọn dírẹ́bà sì gbé e kọjá bọ́dà. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, nọ́mbà kan tí n kò mọ̀ láti Bùkínà pe Hájíà, Hájíà sì gbé fóònù náà fún mi. Dírẹ́bà kan ni. Ó ní ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n kọ Sùúrù Lérè sí wà nínú ọgbà àwọn aṣọ́bodè nílùú tí òun wà, dírẹ́bà rẹ̀ sì ń sùn sínú rẹ̀. Mo ní kí ó wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ òsì fún mi. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí òkúta. Ó ní, "Ó ti sán."

Hájíà kò sọ ohun púpọ̀. Ó ní kí n má pe Àlàájì, kí n má pe àfáà, kí n kọ́kọ́ gbé ohùn ọkùnrin tó ń sùn sínú ọkọ̀ náà tọ ẹni tó lè mọ̀ ọ́n lọ. Nínú ọkọ̀ tó gbé mi lọ, mo ń ronú pé ọ́fíìsì tí mo ń wá kò lè rán mi ní irú iṣẹ́ yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Hájíà nínú ọkàn mi, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójúkojú látìgbà náà.

Ìdí tí Mùfú kò fi pe ilé, méjì ni mo gbọ́. Wọ́n ní wọ́n jí fóònù rẹ̀, kò sì mọ nọ́mbà kankan lórí. Wọ́n tún ní àwọn aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù oníbàárà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ló ń tì í. N kò mọ èwo ni òtítọ́. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Wọ́n ní wọn ó tú ọkọ̀ náà sílẹ̀ láìpẹ́, ìyẹn náà kò tíì dá mi lójú, n kò sì tíì fojú kan ọkùnrin náà.

Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Rámátù, mo tẹ nọ́mbà dírẹ́bà tó pè wá, mo ní kí ó gbé fóònù fún ọkùnrin inú ọkọ̀ náà, mo sì na tèmi sí Rámátù. Ó gbọ́ "Hẹ́lò" kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, ní Dagbani, ní Yorùbá, ní Hausa, ó tún padà sí Dagbani, títí káàdì inú fóònù mi fi tán. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì dúró mí, mo ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ pé, "Òótọ́ lo sọ, Rámátù. Òótọ́ ni."