Akàn Tí Ilé Wa Kì Í Jẹ

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí kì í jẹ. Ní àdúgbò wa ní Agége, ilé tó kángun sí mọ́ṣáláṣí kì í jẹ òkété. Bàbá tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa kò gbọdọ̀ fi ojú kan ìgbín. Ọtí líle nìkan ni kò sí nínú èèwọ̀ rẹ̀. Tiwa ni akàn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi lé wa létí pé akàn kì í rìn tààrà, pé ọmọ ilé wa tó bá jẹ ẹ́, ọ̀nà rẹ̀ á wọ́. A gbà, a ò jẹ ẹ́ rí. Síbẹ̀, àbúrò mi obìnrin fẹ́ ọkọ mẹ́ta kó tó rí èyí tó dúró. Èmi náà kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo kọ́ṣẹ́ awakọ̀, kí n tó wá balẹ̀ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Àgídìngbì. Bí ẹni tí kò jẹ akàn bá ń rìn báyìí, mi ò mọ bí ẹni tó jẹ ẹ́ ṣe máa rìn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi. Ẹni tó bá dé Ẹ̀pẹ́ rí mọ̀ pé etí ọ̀sà ni. Ọmọ ibẹ̀ á ti máa tú ẹran lára akàn kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Bàbá mi ní tiwọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, níbi tí ẹja inú òkun ti máa ń gbẹ tán kó tó dé ọjà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, Agége ni wọ́n jókòó sí, tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá kò ti fi akàn kan ẹnu mọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Bàbá mi kú, a sin wọ́n, akàn kò wọlé.

Ọmọbìnrin mi, tó ń ta fóònù ní Computer Village, ló da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí Ìyá ń bọ̀, ó sì ní òun fẹ́ gbé wọn jáde lọ jẹun.

"Ìyá àgbà, kí lẹ fẹ́ jẹ?"

Ó rò pé wọ́n á ní súyà. Ìyá wo òkè àjà títí.

"Akàn."

Èmi ni mo kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. "Ìyá, akàn wo?"

"Akàn mélòó ló wà? Èyí tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni."

"Èèwọ̀ wa ńkọ́?"

"Èèwọ̀ bàbá yín ni. Ìyàwó ni mí, n kì í ṣe ọmọ ilé. Mo bá wọn pa á mọ́ títí wọ́n fi wọlẹ̀. Eyín mi ku mẹ́fà. Tí mo bá ní kí n dúró kí ẹ ṣèpàdé ẹbí tán, èrìgì ni n ó fi jẹ ẹ́."

Ọmọ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀, ṣe ló yẹ kó gbé ìyá rẹ̀ lọ jẹ akàn. Èmi, dáwódù, mo sáré lọ bi Àáfà àdúgbò wa bóyá Mùsùlùmí lè jẹ akàn. Àáfà bi mí pé ṣé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí mo fẹ́ gbé e wá. Mo ní mo kàn ń béèrè ni. Wọ́n ní ohun omi kò burú, kí n má ṣáà gbàgbé àwọn. Ọkàn mi kò balẹ̀ síbẹ̀, mo pe àbúrò mi. Àbúrò mi pe bàbá kékeré. Bí oúnjẹ ẹni méjì ṣe di ìgbìmọ̀ nìyẹn.

Bàbá kékeré ni àbúrò tí bàbá mi ní. Onígbòǹgbò ni wọ́n ń gbé. Ìyá fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ilé ni Ìyá bá wọn, nítorí náà ọkọ Ìyá ni wọ́n. Orúnkún Ìyá ń ro wọ́n, síbẹ̀ Ìyá á ṣáà kúnlẹ̀ kí wọn. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Bàbá kékeré á na ọwọ́ bí ọba: "Ìyàwó wa, dìde, dìde." Ẹni tó lè gba irú ìkíni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pọ̀n ọ́n rí, irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣọ́ èèwọ̀.

Ọ̀sán Sunday la lọ. Ilé oúnjẹ kan ni, lápá Aláúsá, tí wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi àti ìgbì òkun sí gbogbo ògiri rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ni èyí tó ń jò lára ẹ̀rọ amúlétutù wọn. Àbúrò mi ti ṣọ́ọ̀ṣì wá tààrà pẹ̀lú aṣọ funfun, nítorí ọkọ kẹta ti sọ ọ́ di Aládùúrà. Wọ́n gbé ìwé oúnjẹ wá. Bàbá kékeré ti jígí wọn bojú, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun.

"Kò sí akàn níbí o. Ẹ jẹ́ ká jẹ ohun tó wà."

"Ó wà, Bàbá," ni ọmọ mi wí. "Kíráàbù ni wọ́n pè é."

"Ta ní ń jẹ́ kíráàbù? Bó bá yí orúkọ padà, ṣé ó yí ẹsẹ̀ padà ni?"

Ọmọ mi pe obìnrin tó ń gbé oúnjẹ. Ó ní kí wọ́n gbé kíráàbù kan wá fún Ìyá àgbà, kí wọ́n gbé ìrẹsì àti edé wá fún àwọn ìgbìmọ̀. Edé náà kọ́kọ́ dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò àgbẹ̀. Bàbá kékeré kò bi í léèrè bóyá ó ń rìn tààrà. Àbúrò mi ṣàdúrà sí tirẹ̀, ó sì fi ìyẹn ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Bíbélì ti sọ ọ́. Ohun inú omi tí kò bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́, ìríra ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ilé nìkan o."

"Àǹtí," ni ọmọ mi wí, "ìpẹ́ edé yín dà?"

"Edé kì í ṣe ẹran. Èròjà ọbẹ̀ ni."

Ibi tí a bọ́rọ̀ dé nìyẹn tí obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fi gbé akàn wá. Ó pupa bí ata, ó tẹ́ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo bí ẹni tó ti ń retí wa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé òòlù kékeré kan sí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ọ̀rá, àti aṣọ tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn kí ọbẹ̀ má baà ta síni láyà. Wọ́n ya akàn tó ń rẹ́rìn-ín sí aṣọ náà. Mi ò tíì mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín títí dòní.

Bàbá kékeré wo òòlù. "Ṣé oúnjẹ ni wọ́n gbé wá ni àbí iṣẹ́?"

Àbúrò mi fi aṣọ ìnuwọ́ bo akàn lórí. Ó ní ojú rẹ̀ ń wo òun.

"Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí," ni bàbá kékeré wí, bí ẹni tó sọ òkodoro.

"Bó bá ṣọ́ ọ dáadáa ni, Bàbá," ni ọmọ mi dáhùn, "ṣé inú abọ́ la ti máa bá a?"

Ìyá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ sí aṣọ ìnuwọ́ náà láti ṣí i. Bàbá kékeré sì gbé ọwọ́ tiwọn lé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ìyàwó wa, má ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́."

Ìyá fa ọwọ́ padà sórí itan wọn. Bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe fà á, obìnrin tó ti sin ọkọ, tó ti rí ọmọ ọmọ. Èmi tí mo pe gbogbo wọn jọ, ìrẹsì ni mo ń fi ṣíbí rò.

"Ọkọ mi," ni Ìyá wí, "ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi pa èèwọ̀ ilé yín mọ́. Mi ò jẹ ẹ́ nílé yín, mi ò jẹ ẹ́ nílé bàbá mi. Ìyá mi sè é títí, mo ní mo ti dilé ọkọ. Ṣé kò tíì tó?"

Bàbá kékeré dá ẹnu jíjẹ dúró. Ìrù edé kan yọ létè wọn.

"Èèwọ̀ ilé ta?"

"Ilé yín."

"Ilé tiwa kẹ̀? A ò ní èèwọ̀ tó jẹ mọ́ akàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló rí akàn débi tí á kà á léèwọ̀? Ilé tiyín ni wọn kì í ti í jẹ ẹ́!"

"Èmi? Ọmọ Ẹ̀pẹ́? Kí ni mo wá jẹ dàgbà, bébà?"

Gbogbo wa yíjú sí bàbá kékeré. Wọ́n bọ́ jígí. Wọ́n ní ọmọdé làwọn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn rántí rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n àwọn ti Ẹ̀pẹ́ dé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí àna, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní òkúta inú ìrẹsì ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n pe gbogbo ilé jọ, wọ́n ní ilé ìyàwó tí àwọn fẹ́ fẹ́ kì í jẹ akàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e wọlé, kí ìyàwó má baà ṣàìsàn, kí ọmọ tó máa bí má baà máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Èmi ni mo ń bá ọ ṣọ́ ọ láti ọjọ́ náà, ìyàwó wa. Mo ti lé ẹnì kan tó ń kiri akàn lẹ́nu ọ̀nà wa rí nítorí tìẹ! Mo da omi sí i lára!"

"Òkúta inú ìrẹsì?" Ìyá ń sọ ọ́ fún ara wọn. "Ọjọ́ yẹn kọ́ la se ìrẹsì. Akàn ni ìyá mi sè fún wọn."

Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kò tètè ní ohùn. Èjìká wọn ló kọ́kọ́ ń mì. Wọ́n ní ìyá àwọn ló bu akàn tó sanra jù fún àna tuntun, gbogbo ilé sì jókòó, wọ́n ń wò bóyá á mọ̀ ọ́n jẹ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò rí irú rẹ̀ rí. Kò mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣí i. Ó já ọwọ́ ńlá rẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́nu bí egungun adìyẹ, ó sì gé e.

"Gbogbo wa gbọ́ ọ. Kà! A rò pé akàn ló fọ́."

Ìyá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní ó dùn. Títí wọ́n fi lọ, wọn ò la ẹnu rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi rò pé ìfẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ kejì ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé èèwọ̀ ilé àwọn ni."

Àlàfo kan wà láàárín eyín iwájú bàbá mi. Wọ́n sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù ni. Wọ́n sọ fún àbúrò mi pé olè làwọn bá jà. Eyín kan ṣoṣo ni gbogbo wa wá ń pa mọ́ bí òfin láti ìgbà náà. Kí n sọ òótọ́ tèmi náà. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, àlejò bi mí léèrè ìdí tí a kì í fi í jẹ akàn, mo sì sọ fún un pé akàn ló gba baba ńlá wa là lójú ogun, pé ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pa ipasẹ̀ wọn rẹ́ nínú ẹrẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí i. Àlejò náà mi orí, ó ní àwọn àgbà gbọ́n. Èèwọ̀ tí kò bá ní ìtàn, ẹlẹ́nu bíi tèmi ló ń bá a wá a.

Bàbá kékeré gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ ìnuwọ́.

"Bíbélì ṣì wà níbẹ̀ o," ni àbúrò mi wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kó lọ bá edé tó wà nínú abọ́ rẹ ná," ni Ìyá dá a lóhùn, "bó bá kan akàn, á pè mí."

Wọ́n ṣí akàn. Wọn kò wo òòlù, wọn kò wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀, èèpo ẹ̀yìn ṣí lẹ́ẹ̀kan bí ọmọrí ìkòkò. Ọwọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kò ṣìnà. Wọ́n fa ẹsẹ̀ yọ, wọ́n fà á mu, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó ku ọwọ́ ńlá rẹ̀, wọ́n gbé e sáàárín eyín mẹ́fà náà.

"Ìyá!" A ké lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá kékeré ti gbà á. Pánẹ́lì bítà ni wọ́n, wọ́n ti fi ọdún tó pọ̀ na ara mọ́tò tó rún. Wọ́n gbé ọwọ́ akàn lé pákó tábìlì, wọ́n fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́, wọ́n yí i, wọ́n tún kàn án. Èèpo là, ẹran inú rẹ̀ jáde lódindi, kò ya. Wọ́n gbé e fún Ìyá. Ìyá dá a sí méjì, wọ́n sì na ìdajì padà.

"Ọkọ mi, ẹ gbà. Kò sí ilé tó kọ̀ ọ́."

Bàbá kékeré wò mí, wọ́n wo àbúrò mi, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n rọra ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń fura sí òkúta. Ojú wọn yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí, ẹnu ṣì ń jẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi fi ìyà jẹ wá." Wọ́n yíjú sí Ìyá. "Ìyàwó wa, ṣé báyìí ló ṣe máa ń dùn ní Ẹ̀pẹ́?"

Ìyá kàn mi orí. Ẹnu wọn kún.