Bàbá Tí Ó Ń Kí Àwọn Ará Inú Fóònù

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ẹni tí ó yá wa ní Díákónì Stephen Ọ̀pádọ̀tun fún ọgọ́rin ọdún àti díẹ̀, tí ó sì gbà á padà ní wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí àkókò tó. Ọpẹ́ yìí kì í ṣe ọpẹ́ orí ahọ́n lásán. Ní Ìlọrà, àti níbi gbogbo tí àwọn ọmọ Ìlọrà ń gbé, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ bàbá yìí tí kò ní kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé ó ti lọ.

Ti Abdulwaheed, tí ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Ọ̀yọ́, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Lọ́jọ́ náà, Abdulwaheed dúró sí fàrándà Bàbá, ibi kan ṣoṣo tí fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo àdúgbò náà, ó sì ń fi ohùn aláìsàn sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ibà ti dá òun dùbúlẹ̀, pé òun kò lè gbé orí sókè. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀ nítòsí, ó ń dúró de ìgbà tí yóò kan òun. Nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń lọ sópin, ó na ọrùn sí fóònù náà.

"Bá mi kí wọn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì dún dé òdìkejì ọ̀nà. "Sọ fún wọn pé kí wọn má ṣe ìyọnu rárá. Iṣu tí o jẹ lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ yìí, aláìsàn kan kò lè jẹ ìdajì rẹ̀."

Ọ̀gá náà ní kí wọ́n fún Bàbá ní fóònù. Àwọn méjèèjì kí ara wọn, wọ́n bèèrè àlàáfíà ilé ara wọn, Bàbá sì gbàdúrà fún un, fún aya rẹ̀ àti fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí fóònù padà dé ọwọ́ Abdulwaheed, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó kù nínú rẹ̀ fún un: kí ó wá síbi iṣẹ́ kíákíá, kí ó sì mú nínú iṣu náà dání.

Màmá Ìbíyẹmí, aya Bàbá, ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ó ń rẹ́rìn-ín. Ilé wọn wà níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, àwọn ilé yòókù sì wà ní ìsàlẹ̀, nítorí náà láti òwúrọ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń gòkè wá, fóònù lọ́wọ́. Wọn a mu omi inú àmù rẹ̀. Wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Bàbá kàn fún wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì gbóná a máa rìn síwá sẹ́yìn lórí láfún tí Màmá sá sílẹ̀. Màmá ti mọ àpẹẹrẹ bàtà gbogbo ará àdúgbò nínú láfún.

Bàbá kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Òfin kan ṣoṣo ni ó ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa fóònù kí òun tó kí ẹni tí ń bẹ lódìkejì. Ó gbà pé kò tọ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ọmọnìkejì rẹ̀ kí ó sì ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Nígbà tí Pásítọ̀ rọra sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni, ó rán Pásítọ̀ létí Tertiu, ẹni tí ó ń bá Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì kọ lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, tí òun náà sì ti ìkíni tirẹ̀ bọ àárín ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù. Ó ní bí Ẹ̀mí Mímọ́ kò bá yọ Tertiu kúrò, ta ni yóò yọ òun. Láti ọjọ́ náà ni Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń gbé fóònù fún un kí ó tó bèèrè.

Ìgbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ kan rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Olúṣínà wá. Wọ́n fẹ́ ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní másìtì, sí ilẹ̀ àdúgbò, bí ará àdúgbò bá lè fọwọ́ sí i. Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìjọ. Inú gbogbo ènìyàn dùn, àfi Bàbá.

Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó ní irin tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ yóò máa dẹ́rù ba adìẹ, adìẹ tí ẹ̀rù bá sì ń bà kì í yé ẹyin tí ó ní pupa nínú. Ó ní ọsàn yóò kan láti Ìlọrà títí dé Fìdítì, àwọn ará Fìdítì yóò sì wá bi wá léèrè ìdí rẹ̀. Olúṣínà ní àwọn ti ri irú rẹ̀ sí ẹ̀bá Awẹ́, ọsàn ibẹ̀ kò sì yí padà. Bàbá bi í bóyá ó ti mu nínú ọsàn náà. Olúṣínà ní rárá. Bàbá wo gbogbo ìpàdé yíká bí agbẹjọ́rò tí ẹjọ́ ti bọ́ sí lọ́wọ́, ó ní àbí wọ́n ti gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bábélì, níbi tí àwọn ènìyàn ti kọ́ ohun gíga.

Màmá Ìbíyẹmí dìde láàárín àwọn obìnrin, ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ má bínú," ni ó wí. "Ní Bábélì, wọ́n ń gbọ́ra wọn kí wọ́n tó kọ́lé, ẹ̀yìn ìgbà náà ni etí wọn di. Àwa tí etí wa ti di tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bóyá tiwa yóò là. Èmi sì fẹ́ fojú mi rí láfún tí kò ní àtẹ́lẹsẹ̀ nínú kí n tó kú."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn náà kan. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ másìtì nawọ́. Bàbá ti gbọ́kàn lé gbogbo àwọn tí wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ rí. Gbogbo wọn ni ó nawọ́, títí kan Pásítọ̀. Wọ́n ní kí ẹni tí kò fẹ́ ẹ nawọ́. Ọwọ́ méjì péré ni ó gòkè: ọ̀tún Bàbá àti òsì Bàbá.

Wọ́n ri òpó náà. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, olúkúlùkù ti ń dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀ pe ẹni tí ó wù ú. Láfún Màmá gbẹ, ó funfun báláú. Àmù rẹ̀ kún títí di alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

Gbogbo ọmọ wọn ti lọ sí ìdálẹ̀. Láràárọ̀ ni Bàbá ń nu bẹ́ǹṣì, tí ó sì ń jókòó tì í. Bí Màmá bá gba iwájú rẹ̀ lọ sí ibi ìdáná, a kí i pé ó dàbọ̀. Bí ó bá padà, a kí i káàbọ̀, a sì bi í léèrè àwọn ará ibẹ̀. Ó ń kí àwọn ewúrẹ́ pẹ̀lú. Kò bú òpó náà. Kò bá aya rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán mọ́, Màmá sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun gan-an ni ó dìde ní ìpàdé tí ó sì lé àlejò ọkọ òun lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìtẹ́ àánú lórí eékún rẹ̀. Olúwa, ó ní, bí ó bá jẹ́ ti láfún ni, jẹ́ kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́.

Ìdáhùn dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Tùmí, aránṣọ tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, sáré gòkè wá, fóònù létí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Aaliyah, tí ń gbé ní Ìlọrin, ni ó ń bínú nínú fóònù náà. Ó ti pẹ́ tí Tùmí ti ń pè é láti inú yàrá tirẹ̀, Aaliyah kò sì gbọ́ Bàbá. Ó bi Tùmí pé kí ni ó ṣe fún bàbá àgbà tí wọn kò fi kí òun mọ́. Tùmí ní àwọn kò jà. Aaliyah ní a jẹ́ pé bàbá ti kú nìyẹn, wọ́n sì ń fi í pamọ́ fún òun. Tùmí ṣàlàyé ọ̀rọ̀ másìtì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun kò bèèrè irin, kí ó lọ bá òun wá Bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dá wọn lóhùn," ni Tùmí wí, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n ní àwọn ti fẹ́ wọkọ̀ máa bọ̀."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù náà.

"Aaliyah, ọmọ mi," ni ó wí. "Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Màmá yára jáde lọ lé adìẹ kan tí kò sí níbẹ̀.

Àṣé kì í ṣe Aaliyah nìkan. Ọ̀gá Abdulwaheed ti ń bèèrè Bàbá. Ọmọ Pásítọ̀ tí ń gbé ní ìlú òkèèrè sọ pé àdúrà tí bàbá òun ń gbà fún òun kò dùn létí mọ́, nígbà tí kò sí ẹni tí ń dá a lẹ́nu. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí wọn ń gun òkè wá pe ènìyàn. Màmá kó láfún rẹ̀ lọ sórí òrùlé ilé ewúrẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tí Olúṣínà sì wá wo òpó rẹ̀, Bàbá fi àga fún un, ó sọ fún un létí gbogbo ènìyàn pé òun wà lẹ́yìn másìtì náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ bi wọ́n wò," ni ó wí. "Gbogbo wọn na ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi na méjì."

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tí ó kọjá yìí ni Bàbá sùn nínú Olúwa, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn àdúrà. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, àwọn àlejò dé láti Ìlọrin, láti Ìbàdàn, láti Ṣakí, tí ará ilé kankan kò mọ̀. Bí Màmá bá bi wọ́n níbi tí wọ́n ti mọ ọkọ òun, wọn a ní àwọn kò rí Bàbá rí, wọ́n kàn máa ń kí àwọn nínú fóònù ni. Aaliyah dúró pẹ́ níwájú fọ́tò Bàbá, ó ń nu ojú rẹ̀.

"Màmá, ṣé bí wọ́n ṣe kúrú tó nìyí?" ni ó bèèrè. "Pẹ̀lú ohùn yẹn, mo rò pé wọ́n á kan àjà ni."

"Ọmọ mi, ohùn nìkan ni ó ga lára wọn," ni Màmá dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti di opó, lẹ́yìn náà ni ó fa Aaliyah mọ́ra, tí wọ́n sì jọ sunkún díẹ̀.

Kí Olúwa, tí ó mọ orúkọ àwọn tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Bàbá Ọ̀pádọ̀tun káàbọ̀ sí ilé. Kí ó tu Màmá Ìbíyẹmí nínú, kí ẹsẹ̀ àlejò rere má ṣe wọ́n lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kí ó pa Olúwatóyọ̀sí àti gbogbo àwọn ọmọ yòókù mọ́ níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí àlàáfíà Ọlọ́run má sì kúrò nínú ilé náà láéláé. Àmín.