Zareh Tó Ń Ya Àwọn Onírunmú

Bí wọ́n bá dárúkọ Zareh ní Bourj Hammoud, lẹ́bàá Beirut, lónìí, ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tan àwòrán Mihran alápatà sára ògiri ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ooru mú lọ́jọ́ náà, iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ, gbogbo ayé sì ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé wọn, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn. Zareh ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àlòkù ẹ̀rọ kan tó ń tan àwòrán sára ògiri ni. Ó so ó mọ́ bátìrì takisí Nerses ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ dán an wò. Àfi bí ògiri funfun ẹ̀yìn ilé ìwé ṣe tàn yòò. Mihran ló wà níbẹ̀, ó ga ju ilé alájà méjì lọ, kò wọ ẹ̀wù, adé ọba inú òkun wà lórí rẹ̀, ó gbé orí lé itan apẹja onírùngbọ̀n kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá Garo, opó tó ń ta ẹran gbígbẹ nísàlẹ̀ ilé tí Zareh ń gbé, wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó rí i bí Mihran ṣe jáde tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́, tó sọdá títì, tó dúró sábẹ́ àwòrán ara rẹ̀, tó ń wòkè. Nerses ti wọ inú takisí lọ, ó ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Ta ló yà á?" Mihran béèrè.

"Èmi ni," ni Zareh wí. Kò sá.

"Irunmú mi dà?"

"Òun nìyẹn níwájú yín."

"Ìdajì rẹ̀ nìyẹn. Ìdajì tó kù dà?"

Ẹlòmíràn ì bá dọ̀bálẹ̀, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ. Zareh kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Mihran láìmọye ọjọ́, òun ti wo irunmú náà ní àwòfín, iṣẹ́ òun kì í purọ́. Mihran ní ẹni tó ni irunmú ló mọ bó ṣe gùn tó. Àwọn ará òkè ilé dá sí i, àwọn kan gbè sẹ́yìn alápatà, àwọn kan gbè sẹ́yìn ayàwòrán. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí bátìrì fi kú, kò sì sẹ́ni tó rántí béèrè ta ni ọkùnrin tí Mihran gbé orí lé itan rẹ̀.

Bí Zareh ṣe rí nìyẹn. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ẹlòmíràn ti jù sí ààtàn yàwòrán. Àwọn àmì onígun mẹ́rin kéékèèké ló ń tò, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ sára aṣọ, títí wọn yóò fi di ọkùnrin. Ọkùnrin náà yóò sì jẹ́ oníkùn ńlá, onírunmú, ẹni tí irun bo àyà rẹ̀: awakọ̀, apẹja, bíríkìlà, tí wọ́n sún mọ́ ara wọn bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Kò gbé wọn lọ sí gbọ̀ngàn àwọn olówó. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo ilé máa ń sá sí nígbà ogun ló ti ń fi wọ́n hàn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wá láti gbogbo Beirut, wọ́n ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ológbò. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá yọ fóònù láti ya fọ́tò, Zareh á ní, "Àwòrán mi kì í ṣe àlùbọ́sà tí wàá kó sápò relé."

Ìyá Garo ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ó wù ú kó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn ju bí oúnjẹ ṣe ń wu ẹni tó gbààwẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí àgbà, kò béèrè. Èyí tó wá rú u lójú jù lọ ni ti Nerses. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń gbé àpótí irinṣẹ́ gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá Zareh, á sì kí ìyá náà, á ní ẹ̀rọ omi ló tún bàjẹ́. Ilé wo ló ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí omi rẹ̀ ò sì yéé jò sórí ẹran òun?

Zareh kì í fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. "Nene" ló ń kọ síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lédè wọn. Nígbà tí òkìkí Nene wá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé Brussels, obìnrin kan tó ń jẹ́ Odile, tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà tí kì í jáde sí gbangba, wọ bàálù wá láti fojú kan ìyá àgbà náà. Zareh sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

"Ìyá Garo, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi jẹ́ Nene lónìí."

"Kí ni mo mọ̀ nípa àwòrán?"

"Ẹ ò ní láti mọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa sọ ohun tó bá wá sí yín lẹ́nu lédè wa. Èmi ni màá ṣe ògbifọ̀."

Ni wọ́n bá gbé kọfí kalẹ̀. Odile fi èdè Faransé béèrè ìdí tí Nene fi ń fi àmì onígun mẹ́rin kéékèèké ṣiṣẹ́. Ìyá Garo yíjú sí Zareh, ó ní omi tó ń jò láti yàrá rẹ̀ ti ba ẹran òun jẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ ṣe é? Zareh mi orí, ó sì túmọ̀ rẹ̀: Nene ní ayé òde òní ń kánjú, sùúrù tí òun ní kò sì sí lọ́wọ́ ayàwòrán kankan ní etí òkun yìí. Odile kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè ẹni tó kọ́ Nene níṣẹ́. Ìyá Garo ní kó sọ fún Nerses kó yéé gbé takisí dí òun lẹ́nu ọ̀nà. Zareh rẹ ohùn sílẹ̀: Nene ní òun ò lọ́gàá, ẹ̀bùn ni wọ́n bí mọ́ òun.

Bí wọ́n ṣe ṣe é títí kọfí fi tán nìyẹn. Nígbà tí Odile dìde, Ìyá Garo, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn sísítà ará Faransé ló ti kàwé nígbà èwe rẹ̀, fi Faransé tó já gaara sọ fún un: "Ẹ fi kún un, ìyáàfin, pé Nene dúpẹ́ lọ́wọ́ ògbifọ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun tóbi tó báyìí."

Ọjọ́ náà gan-an ni omi yéé jò.

Ìyá Garo ní ìyẹn nìkan kò tó, òun fẹ́ rí iṣẹ́ tí wọ́n ní òun ṣe. Zareh mú un lọ́wọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin méjì ló jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ òkè ilé nínú àwòrán náà. Ọ̀kan ń wo òkun. Èkejì gbé bàrà lé ẹsẹ̀, ó ń yọ kóró inú rẹ̀ kúrò fún ẹni àkọ́kọ́. Ìyá Garo wò ó pẹ́. Ìpéǹpéjú ẹni tó ń yọ kóró náà kò jọ ti ẹlòmíràn lágbàáyé bí kò ṣe ti Nerses.

"Kí ló dé tí o fi ń fara pa mọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà?" ó béèrè.

Zareh sọ pé ìyá ìyá òun ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ka òwú láti kó iṣẹ́ sára aṣọ, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí òun dàgbà díẹ̀, òun sọ fún un pé ọkùnrin ni ọkàn òun ń fà sí. Òun ti sọ fún bàbá òun tẹ́lẹ̀, ó ní kí òun kó jáde.

"Kí ni ìyá àgbà wá sọ?"

"Wọ́n ní, 'Wo iwájú rẹ, o ti fo òwú kan.' Wọ́n sì bu ọbẹ̀ fún mi." Ó pa kọ̀ǹpútà. "Kò tún sẹ́lòmíràn tó gbọ́ ọ tí kò yí ojú padà. Bí wọ́n bá wá fẹ́ wá mi kàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà ná."

Ìyá Garo gbọn eruku kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì Zareh, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku ò sí níbẹ̀. Ó ní, "Sọ fún Nerses pé ṣọ́ọ̀bù mi ni kó máa gbà wọlé láti ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Kó sì fi àpótí yẹn sílẹ̀ nílé. Kò mọ ẹ̀rọ omi tún ṣe."

Ìgbà òtútù ni àìsàn ọkàn dá Zareh dùbúlẹ̀. Dókítà fi àwòrán ọkàn rẹ̀ hàn án lójú ẹ̀rọ kó lè mọ bí ọ̀ràn ṣe le tó. Zareh wò ó fínnífínní, ó ní ẹni tó yà á ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya òjìji rárá, kó fún òun lẹ́rọ náà, òun á tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn náà ló ní kí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ wá gba gbogbo àwòrán náà sínú kọ̀ǹpútà tiwọn, gbogbo wọn sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọjọ́ ìsìnkú Zareh, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Arshaluys, àbúrò rẹ̀ obìnrin, dé láti Marseille, ó jókòó síwájú níbi tí ẹbí ń jókòó sí, òun nìkan lórí àga gígùn. Nerses dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bí oníbàárà tó kàn wá báni kẹ́dùn. Ìyá Garo rìn gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó dì í lápá mú. Nerses ní ibi tí òun wà tó òun. Ìyá náà ń fà á lọ níwájú gbogbo ènìyàn, ó dé ọ̀dọ̀ Arshaluys.

"Ta nìyí, ìyá?" Arshaluys béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Olókùú ni."

Arshaluys wo ọkùnrin náà. Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga, ó sún, Nerses sì jókòó. Àlùfáà ń kọrin lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Arshaluys tẹ̀ sí i létí.

"Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi gbẹ̀yìn," ó wí. "Báwo ni wọ́n ṣe máa ń rí tí wọ́n bá jí láàárọ̀?"

Nerses ronú. "Ó máa ń bínú sí gbogbo ayé títí kọfí á fi hó."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Arshaluys níwájú pósí níbẹ̀, kó tó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wà láti kékeré," ó wí, ó sì gbé orí lé èjìká Nerses, ó sunkún.