Bí Àlòkù Ìwé Ṣe Mú Mi Dé Ọ̀dọ̀ Ràímì

Ọjọ́ tí ayé tí mo mọ̀ dópin, ìbọn kankan kò dún. Ọjọ́ ọjà ni, ní Ṣakí. Èmi àti Ràímì wà lábẹ́ àtíbàbà tí a ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo tẹ rọ́bà táyà kan bọ inú omi, mò ń wá ojú ibi tó ti lu, nígbà tí lọ́rì àwọn ṣọ́jà dúró lẹ́bàá pápá ilé ìwé. Ọkùnrin kan gun orí rẹ̀, ó ní ìjọba ń wá ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le. Ó ní ogun náà kò ní pẹ́, pé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí a ó ti padà sílé. Ràímì wò mí, ó nu ọwọ́ gíríìsì mọ́ ṣòkòtò.

"Gàníyù, ṣé ká lọ?"

Mo ní ká lọ. Gbogbo ohun tí a sọ nípa rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìgbòho ni Ràímì, ilà àbàjà sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ló yè nínú àwọn tí ìyá rẹ̀ bí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́, orí ẹní kan náà la sì ń sùn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ pé a ti forúkọ sílẹ̀, ó wá láti Ìgbòho pẹ̀lú àpò èlùbọ́ lórí, ṣùgbọ́n lọ́rì ti gbé wa lọ kó tó dé. Wọ́n ní ó jókòó sórí àpò náà lẹ́bàá pápá títí oòrùn fi wọ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun náà máa ń bi mí pé báwo ló ṣe rí. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Ṣọ́jà kì í rí ogun, ẹ̀yìn ẹni tó ń rìn níwájú rẹ̀ ló ń rí. Mo mọ ariwo. Bí wọ́n bá ti ń ju bọ́ǹbù, etí á di, èèyàn á máa rí i pé ẹnu ọmọnìkejì rẹ̀ ń ṣí, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo mọ ebi pẹ̀lú. A jẹ ìbẹ́pẹ dúdú tí a sè láìsí iyọ̀. A wọ abúlé tí àwọn tó ni ín ti sá, a bá ọmọ odó nínú odó, oúnjẹ tí wọ́n ń gún ti gbẹ mọ́ ọn lára. Àwọn tó sá náà wà nínú igbó, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wọn wú, irun orí wọn ti pọ́n. Nígbà kan, Ràímì bu ìlàjì gàrí rẹ̀ fún arúgbó obìnrin kan tí kò gbọ́ èdè wa. Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ràímì fà á dìde, ó ń wí pé, "Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ní ọjọ́ tí mo pàdánù rẹ̀, wọ́n ní kí a kọjá odò kan. A ti dé òdìkejì, lọ́rì tó kó ọta wa ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, kí bọ́ǹbù tó bà á. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Sájẹ́ǹtì wa ké pé kí a sá, mo sì sá. Bí mo ṣe ń sá, mo gbọ́ ohùn Ràímì lẹ́yìn mi. Orúkọ mi ló pè, ẹ̀ẹ̀kan péré. N kò padà. Nígbà tí èéfín lọ tán tí wọ́n jẹ́ kí a padà wá wo ibẹ̀, a kó òkú, a kó àwọn tó fara pa. Kò sí Ràímì nínú wọn. Wọ́n ní àwọn tí ọkọ̀ mìíràn ti gbé lọ wà. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pé a kò rí i, a sì tẹ̀síwájú.

Ogun parí, mo padà sí Ṣakí. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo lọ sí Ìgbòho. Ìyá Ràímì ń ṣa èso igi òrí lẹ́yìnkùlé. Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

"Níbo lo fi í sí?"

"Ìyá, n kò mọ̀."

"Ṣé o rí òkú rẹ̀?"

"N kò rí i."

"Kí ni wọ́n ń pe odò náà?"

N kò mọ̀. Mo ti bẹ̀rù nínú omi náà, mo ti mu nínú rẹ̀, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá wò mí, kò bínú. Àwọn ẹbí ń rọ̀ ọ́ pé kó jẹ́ kí áfáà ṣe àdúà òkú fún ọmọ rẹ̀ kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀. Ó dá wọn lóhùn lójú mi pé, "Ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, a kì í ṣe fìdáù fún un." Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa èso rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ odò yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́jọ́ kan mo ra kúlíkúlí lẹ́bàá gáréèjì. Ìwé ìròyìn tí obìnrin náà fi dì í ní àwòrán afárá kan tí mo mọ̀, a ti sùn sábẹ́ rẹ̀. Mo dúró sójú ọ̀nà, mo kà á tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ǹjẹ́ ẹ ní ìyókù ìwé yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kúlíkúlí lo wá rà àbí ìwé?"

Ó kó gbogbo rẹ̀ fún mi, ó ní òun á fi ewé di tàwọn tó kù.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń ra àlòkù ìwé tó bá ti sọ̀rọ̀ ogun tàbí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Mo ra èyí tí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà kọ, ti ìhà tiwa àti ti ìhà kejì. Mo ra ìwé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà kí ṣọ́jà tó gbàjọba, àti ìwé ìkéde ìjọba tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ya. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà dé nílé ìwé, nítorí náà mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà díẹ̀díẹ̀. Mo rí i pé ìjà tí mo rò pé inú igbó ló ti bẹ̀rẹ̀, inú yàrá tí àwọn èèyàn ti jókòó sórí àga tìmùtìmù ló ti bẹ̀rẹ̀, pé ká ní ẹnìkan rọ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀, ogun kì bá tí wáyé. Inú bí mi fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà mo wá ìwé mìíràn.

Sìfáwù ìyàwó mi kọ́kọ́ fara dà á. Nígbà tí páálí ìwé gba ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní, "Bàbá Rábì, ṣé ogun náà kò tíì parí ni? Ikán á jẹ ìwé yìí tán, á wá kan aṣọ mi." Ó wí bẹ́ẹ̀ tán, òun náà ló lọ já ewé dóńgóyárò, ó tò ó sáàárín páálí kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Àwọn aládùúgbò ní orí mi ti dàrú láti ojú ogun. Mo ti rí orúkọ odò nígbà náà, mo sì lọ sọ ọ́ fún ìyá ní Ìgbòho. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó má baà gbàgbé.

Ọkùnrin kan wà ní ọjà Ìsẹ́yìn tó ń ta àlòkù ìwé fún àwọn oníṣòwò tó ń fi di ọjà. Bàbá Oníwèé la ń pè é. Ó ti mọ ohun tí mò ń wá, a sì máa bá mi yà á sọ́tọ̀. Ní ọdún kan, nígbà ọyẹ́, ó ránṣẹ́ sí mi pé akọ̀wé kọ́ọ̀tù kan tó ti fẹ̀yìn tì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kó ìwé rẹ̀ tà. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mò ń yẹ inú àpò wò. Láàárín ìwé ìkéde ìjọba ni ìwé pẹlẹbẹ kan wà, èyí tí ilé ìtọ́jú afọ́jú kan ní ìlà-oòrùn tẹ̀ jáde láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí n jù ú sílẹ̀. Mo ṣí i, mo rí fọ́tò àwọn ọkùnrin tó ń hun àga. Ọ̀kan nínú wọn ní ilà àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́.

Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ fọ́tò náà pé: Rémọ́ńdì, ṣọ́jà tẹ́lẹ̀ rí, kò ní ẹbí.

Mo dìde lórí àpótí. Bàbá Oníwèé bi mí pé kí ló dé. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi pe orúkọ yìí."

Ó mú ìwé náà súnmọ́ ojú. "Rémọ́ńdì."

"Ẹ tún pè é."

"Rémọ́ńdì. Àbí kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní bí èèyàn tí kò gbọ́ èdè wa bá bi ọkùnrin kan léèrè orúkọ, tí ọkùnrin náà sì wí pé Ràímì, kí ni onítọ̀hún máa kọ? Bàbá Oníwèé gbé ìwé náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Máa lọ. Fi ìyókù sílẹ̀, n ó bá ọ tọ́jú rẹ̀."

N kò sọ fún ìyá. Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́? Sìfáwù nìkan ni mo fi hàn. Ó wo fọ́tò náà, ó di aṣọ méjì àti gàrí fún mi, mo sì wọ ọkọ̀. Mo gba Ìbàdàn, mo gba Ọ̀rẹ́, mo sọdá odò Ọya. Ní ọjọ́ kẹta mo dé ilé náà. Sístà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ràímì jókòó níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ okùn tó fi ń hun àga. Ó ti tín-ín-rín. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti dí.

"Ràímì," ni mo wí.

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Ta ni?"

"Èmi ni. Gàníyù."

Ó hun ìlà kan tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ṣé ìyá mi ti kú?"

"Wọ́n wà láàyè. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fìdáù fún ọ."

Nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. "Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. O pè mí, n kò padà."

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ká ní o padà, ta ni ì bá wá mi wá síbí?"

Ó ṣàlàyé fún mi pé bọ́ǹbù ọjọ́ yẹn ló fọ́ òun lójú, pé ọkọ̀ mìíràn ló gbé òun lọ, àti pé òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́ pé òun kò ní ẹbí. Ó ní òun ni ìyá òun gbójú lé láti máa dáko fún un, òun kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ìyá ni yóò tún máa fi ọ̀pá fa òun kiri. Mo rọ̀ ọ́, ó kọ̀. Mo rọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo ní, "Ó dáa. Mò ń lọ. Tí mo bá dé Ìgbòho, ìyá á bi mí. Sọ irú irọ́ tí o fẹ́ kí n pa fún wọn."

Ó gbé àga tó ń hun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun wá bàtà òun.

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ojú Ràímì, ó fi àtàǹpàkò tọ ilà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "O ti rù, Àjàní. Wọlé, iṣu wà lórí iná." Ìgbà tí ìyá wọ inú ilé tán ni mo gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Àga tí Ràímì ń hun ló ń bọ́ òun àti ìyá báyìí, àwọn èèyàn ń ti Ìgbẹ́tì wá rà á. Lóṣooṣù mo máa ń gbé páálí ìwé kan sórí kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbòho, mo sì ń kà á fún un ní Yorùbá. Kò bọ̀wọ̀ fún àwọn tó kọ ìwé. Bí ohun tó gbọ́ kò bá rí bẹ́ẹ̀, á ní, "Irọ́ ni. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn." Àwọn olùkọ́ ti ń wá jókòó tì wá. Sìfáwù pàápàá ti bá wa lọ nígbà méjì.

Láìpẹ́ yìí mo ka ìwé ọ̀gá ṣọ́jà kan débi tó ti sọ̀rọ̀ ìjà kan tí àwa náà jà lẹ́bàá oko rọ́bà. Ìlà kan ṣoṣo ló fi sọ ọ́. Ó ní àwọn tó kú níbẹ̀ kò tó nǹkan.

"Tún un kà," ni Ràímì wí.

Mo tún un kà. A ń gbọ́ adìẹ tó ń tan ilẹ̀ lóde. Ràímì wá ní kí n mú bírò, kí n kọ orúkọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. A ń rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń pè é, èmi ń kọ ọ́, ọmọ ibí, ọmọ ibẹ̀. Ó ku ẹnìkan, ọmọ Ilua, tó máa ń bá wa rán aṣọ tó ya. A wá orúkọ rẹ̀ tì.

"Fi àyè sílẹ̀," ni Ràímì wí. "Ẹnìkan wà tó mọ̀ ọ́n."

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ Ilua, mo sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tó kọ orúkọ bàbá mọ́ tọmọ.