Ẹ̀gúsí Ọ̀nà Àbíjàn

Bí Nímọ́tà bá jókòó lórí àga, àga ni kí ẹ bá kẹ́dùn. Á nasẹ̀, á ká a kò, á dìde wo ìta bí ẹni tó ń retí àlejò, á tún padà wá jókòó, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú ó ti wà lẹ́yìnkùlé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ní àdúgbò wọn ní Èjìgbò pé ọmọ yìí ti jẹ ẹsẹ̀ ajá. Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó kù díẹ̀ kó ṣe fírídọ̀mù, ó pa á tì. Ó kọ́ irun dídì, ó di orí oníbàárà dé ìdajì, ó gbọ́ pé wọ́n ń jà ní títì, ó jáde lọ wòran, ó sì gbàgbé oníbàárà sórí àga. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Orí rẹ̀ ni ọjà tí kì í tú, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló sì ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Èjìgbò tí kò bá ní ará ní Àbíjàn, ẹ bi í dáadáa bóyá Èjìgbò ni wọ́n ti bí i. Ọmọdé ni Nímọ́tà nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú ọkọ̀, pẹ̀lú ọmọ tí kò lè jókòó títí ìrẹsì yóò fi jinná! Ìyá rẹ̀ fún un ní sírọ́ọ̀bù ikọ́ kí ó lè sùn. Kò rò ó ní ibi, gbogbo ìyá tó wà nínú ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nímọ́tà sùn fọnfọn dé Lómẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí ìyọnu rẹ̀ bá ti pọ̀ jù nílé, ṣíbí á dé.

Nígbà tó dàgbà tó ń ra aṣọ ní Àbíjàn wá tà ní Èjìgbò, sírọ́ọ̀bù kò ràn án mọ́. Ẹnì kan tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ ló fún un ní hóró oògùn ara ríro kan, èyí tí wọ́n ń pè ní tramadol. Kò pẹ́, ọjà inú orí rẹ̀ tú. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Nímọ́tà fi orí ti gíláàsì fèrèsé, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣé báyìí ni orí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń dákẹ́? Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé kò sí ẹni tó sọ fún un ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gba púpọ̀. Hóró kan di méjì, méjì di èyí tí kò kà mọ́. Aṣọ bàjẹ́ sínú àpò, ọkọ rẹ̀ kó ẹrù, ó fi ilé sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé Rùkàyyàt, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, sí ilé kéú títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí Ràshídátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ṣe Iléyá láti Àbíjàn tó rí bí nǹkan ṣe rí, ó mú ọmọ náà lọ.

"Ọjọ́ tí ojú rẹ bá mọ́, kí o wá mú un fúnra rẹ," ó ní. "Mi ò ní fi í rán ẹnikẹ́ni sí ọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ló lé Nímọ́tà dé ilé ìwòsàn. Ó rí pupa, ó rí dúdú kí oògùn tó kúrò lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Oyèṣọlá ti fara balẹ̀ bi í nípa ìgbà èwe rẹ̀, tí òun àti dókítà sì wá pè é jókòó.

"Ìyá Rùkàyyàt, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ kì í sì í ṣe òmùgọ̀," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Irú ọpọlọ tí ẹ ní wà, àwọn dókítà sì ní orúkọ fún un. Wọ́n máa ń bí i mọ́ni ni. Kì í jẹ́ kí ọkàn gúnlẹ̀, kì í jẹ́ kí ara gbé ojú kan. Ẹni tó ní in tí kò mọ̀, tó wá rí oògùn tó pa ariwo orí rẹ̀, ṣé á jù ú nù? Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bọ́ sínú oògùn o, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ yọ̀ fún wọn ju tiwa lọ."

"Àṣé ó lórúkọ!" Nímọ́tà bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì tẹ̀ lé e.

"Ó lórúkọ, ó sì nítọ̀ọ́jú. Ó tún máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ọmọ yín. Kí ni nǹkan tó máa ń mú yín jókòó láìlo nǹkan kan?"

Nímọ́tà ronú títí. "Ẹ̀gúsí," ó ní. Bí ó bá ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ rẹ̀ á ríṣẹ́ ṣe, orí rẹ̀ á sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà tó délé, ẹ̀gúsí náà ló dòwò fún un. Á lọ rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìlú Ara àti Isundunrin tó wà nítòsí, á bó o, á tà á. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó gbé àpò ẹ̀gúsí kan tí kò tí ì bó lé itan, ó sì wọ ọkọ̀ Àbíjàn.

Ọkọ̀ kò tí ì kọjá Ìwó tí ìdí fi ń ta á. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Dírẹ́bà ní ó ń sọ ọkọ̀ òun di àkìtàn. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ń bó o lọ. Wọ́n kọjá bodè kan, wọ́n kọjá èkejì. Ní bodè Gánà, wọ́n dá ọkọ̀ dúró nínú oòrùn, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀. Ooru mú, ọmọ ẹnì kan ń ké, ọjà orí Nímọ́tà kún àkúnya. Ó ń dìde, ó ń jókòó. Ádámù, ọkùnrin oníṣòwò tó jókòó tì í, ṣàánú rẹ̀, ó na hóró oògùn kan sí i.

"Àǹtí, ẹ gbà, kí ara yín lè balẹ̀."

Ó gbà á. Ẹ má jẹ́ kí á purọ́, ó gbà á. Ó dì í mọ́wọ́ òsì, ó ń rí ojú Rùkàyyàt, ó sì ń rí ìdákẹ́jẹ́ yẹn náà. Ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ẹ̀gúsí kan, kò ṣeé bó. Ó tún gbìyànjú, ẹ̀gúsí bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ kan kì í bó ẹ̀gúsí. Ó wo ọwọ́ òsì tó dì, ó wo àpò tó wà lórí itan rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì náà síta fèrèsé, ó sì ṣí i kí oògùn bọ́. Lẹ́yìn náà ó bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀gúsí lé Ádámù lọ́wọ́, ó ní kó bá òun bó o.

Nígbà tó dé Àbíjàn, Ràshídátù fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń ra ẹja. "Ojú rẹ mọ́," ó ní, ó sì dì mọ́ ọn.

Rùkàyyàt kò sáré. Ó jókòó jẹ́jẹ́ létí tábìlì, ojú rẹ̀ rọ bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Ọmọ tó ń gun ògiri ní Èjìgbò! Ara Nímọ́tà bù máṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Mo tọ́ ọmọ náà ni. Doucement, doucement, jẹ́jẹ́ ni. Ó ti gbọ́ràn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa padà, Ràshídátù sìn wọ́n dé gáréèjì. Ó mú ìgò sírọ́ọ̀bù kékeré kan àti ṣíbí jáde nínú báàgì.

"Fún un kí ọkọ̀ tó gbéra, kò ní dà ọ́ láàmú. Ṣebí màmá wa fún ìwọ náà. Kí ló ṣe ọ́?"

Rùkàyyàt ti rí ṣíbí. Ó gbé orí sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó ya ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró.

Nímọ́tà gba ìgò náà, ó dorí rẹ̀ kodò sórí ilẹ̀ títí ó fi gbẹ.

"Ha! Nímọ́tà! Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta! Ta ló máa mú un jókòó?"

Nímọ́tà kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti bá mi tọ́jú rẹ̀, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Àmọ́ kò ní jókòó."

Lóòótọ́ Rùkàyyàt kò jókòó nínú ọkọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àga iwájú, ẹni tó wà níbẹ̀ sì yíjú padà, ó ń pòṣé. Nímọ́tà ṣí àpò, ẹ̀gúsí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kù. Ó fi hóró kan sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń bó o," ó ní. Rùkàyyàt já àpò gbà, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀ jákèjádò ọkọ̀. Ọmọ náà bẹ́ mọ́ abẹ́ àga, ó ń ṣa á, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn ń pariwo lé e lórí. Nímọ́tà ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì wọ abẹ́ àga tẹ̀ lé e.